Kẹ̀kẹ́ Kò Ní Gíláàsì

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má sì dá mi lóhùn kíákíá. Bí ọkùnrin kan tí ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, tí ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa, tí ó so táì mọ́ ọrùn, bá gun kẹ̀kẹ́ ológeere kọjá níwájú ilé yín ní Láwánsọ̀n ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀, kí ni ẹ ó kọ́kọ́ rò nípa rẹ̀? Mo mọ ohun tí ẹ ó rò, nítorí pé èmi gan-an ni ọkùnrin náà, àwọn ará Sùúrùlérè kì í sì í fi èrò ọkàn wọn pamọ́ fún ẹni tó bá ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀. Àwọn kan á ní, "Ẹ kú ìrọ́jú o, Dádì." Àwọn mìíràn á ní, "Ọlọ́run á ṣe é." Ohun tí Ọlọ́run á ṣe, wọn kì í sọ, èmi náà kì í sì í béèrè. Èyí tó wá le jù ni ti àwọn tó mọ̀ mí dáadáa: "Mọ́tò yín ń kọ́?" Wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni ń béèrè aláìsàn tí wọ́n gbọ́ pé ó wà ní ọsibítù.

Mọ́tò mi wà nílé. Ara rẹ̀ le ju tèmi lọ. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo pẹtiróòlù ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí lítà epo kan tí kò tó igba náírà tẹ́lẹ̀ di ₦488 ní Èkó kí oṣù náà tó parí, mo jókòó, mo fi báírò ṣírò rẹ̀, mo rí i pé bí mo bá ń wa ọkọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ mi ní Yábà, ilé epo ni n ó máa ṣiṣẹ́ fún. Iṣẹ́ mi kò ju pé kí n máa ka ohun tí wọ́n fẹ́ tẹ̀, kí n máa wá àṣìṣe inú rẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ tó lè bá ilé epo du owó. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fa kẹ̀kẹ́ àtijọ́ kan yọ lẹ́yìn ilé, mo pààrọ̀ táyà àti ṣéènì rẹ̀, mo sì gùn ún. Epo ló gbé mi dórí kẹ̀kẹ́, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n epo kọ́ ló mú mi dúró síbẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo sì fẹ́ bá yín sọ.

Kí n tó sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ. Ní Èkó òde òní, bí o bá sọ pé kẹ̀kẹ́ ni o gùn wá, ohun tí wọ́n á gbọ́ ni pé o wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Buba Marwa tó jẹ́ gómìnà ológun Èkó láti 1996 sí 1999 ló mú un wọ ìlú, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pè é. Ọ̀kadà náà, orúkọ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan ni, Okada Air, tí ó ti kógbá wọlé tipẹ́. Márúwá ní gómìnà, ọ̀kadà ní bàálù. Kẹ̀kẹ́ tèmi, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n àwọn méjèèjì, kò ní olùgbọ̀wọ́ kankan, wọ́n sì tún gba orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo wá di ẹni tí ń ṣàlàyé ara rẹ̀ kiri: "Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì, èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ yí."

Bẹ́ẹ̀ ohun iyì ni kẹ̀kẹ́ nígbà kan. Bàbá mi ṣe tíṣà ní àwọn ọdún 1950, ó sì máa ń sọ ọ́ fún wa. Láyé ìgbà náà, bí àgbẹ̀ bá ta kòkó tí owó rẹ̀ pé, tàbí tí tíṣà bá rọ́jú fi owó oṣù pamọ́, Raleigh tí wọ́n ṣe ní Nottingham ni yóò rà. Ọjọ́ tí kẹ̀kẹ́ bá wọlé, wọ́n á wẹ̀ ẹ́. Onígbàgbọ́ á pe àlùfáà kó wá gbàdúrà sí i, ẹni tí kò bá sì gba ìgbàgbọ́ á pa adìyẹ fún Ògún, nítorí irin ni. Bàbá mi ní bí ọkùnrin bá gun kẹ̀kẹ́ lọ tọrọ ìyàwó ní abúlé, ìdajì ọ̀rọ̀ ti parí kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ wá wo tèmi. Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ìnáwó kan ní ilé àwọn àna mi ní Muṣin, pẹ̀lú agbádá tí mo dì sórí káríà. Ọmọkùnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà bi mí pé ṣé èmi ni mo kó yìnyín wá. Nígbà tí wọ́n wá dá mi mọ̀, wọ́n ní kí n gbé e pamọ́ sẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìkòkò ọbẹ̀, kí àwọn àlejò má baà rí i.

Àìsàn yìí ti pẹ́ lára Èkó. Ẹ̀yin àgbà inú wa á rántí ìparí àwọn ọdún 1970, nígbà tí gòsíló fẹ́ pa ìlú, tí ìjọba wá pàṣẹ pé ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ dọ́gba ní ọjọ́ tirẹ̀, èyí tí kò dọ́gba náà ní ọjọ́ tirẹ̀. Kí ni àwọn olówó ṣe? Wọ́n ra ọkọ̀ kejì. Ẹni tó ní ọ̀kan di ẹni tó ní méjì, gòsíló sì wà níbẹ̀ bí ó ṣe wà. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo o. Ní 1981, nígbà tí wọ́n fi Thomas Sankara sínú ìjọba ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Burkina Faso lónìí, kẹ̀kẹ́ ló gùn lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀. Mark Rutte, olórí ìjọba ilẹ̀ Netherlands, orí kẹ̀kẹ́ ló wà nígbà tó ń fi ọ́fíìsì sílẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2024. Mo sọ ìtàn méjèèjì yìí fún àwọn àna mi. Wọ́n ní àwọn yẹn ti jẹ́ ẹni ńlá kí wọ́n tó gun kẹ̀kẹ́. N kò rí èsì fọ̀ sí i.

Òfin pàápàá kò gbè wá. Ẹ ṣí Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999, ẹ lọ sí àfikún kẹrin níbi tí wọ́n to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sí. Kẹ̀kẹ́ wà níbẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ ni kó máa fún un ní láísẹ́ǹsì, òun pẹ̀lú ọkọ̀ àjẹ̀, bárò àti ọmọlanke. Inú mi dùn nígbà tí mo ka gbólóhùn náà. Mo ti wá mọ ẹgbẹ́ mi: apẹja Mákòókò, alábàárù ọjà Ojúwòyè, àti onítáì tí ń lọ sí Yábà. Kò sí ọ̀kan nínú wa tí ń dé ibi tó ń lọ láì làágùn.

Ọ̀nà tí mo ń gbà kò gùn. Láti Láwánsọ̀n, n ó gba títì Ìtírè já sí Ojúẹlẹ́gba, n ó kọjá lábẹ́ afárá, n ó gba ẹ̀gbẹ́ Tẹ́júoṣó dé Yábà. Ojúbọ Ẹlẹ́gbára tó wà ní Ojúẹlẹ́gba ni àdúgbò náà fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì mọ Èṣù mọ̀ pé oríta ni ilé rẹ̀. Fẹlá ti fi gòsíló ibẹ̀ kọrin láti 1975 nínú àwo rẹ̀ tó pè ní Confusion. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ètò oyè ojú títì. Tírélà ń lé dánfó, dánfó ń lé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń lé Márúwá, Márúwá ń lé kẹ̀kẹ́. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ kan náà wà, mo ti rí wọn, tó jẹ́ pé ìyá arúgbó tó ń fi ẹsẹ̀ rìn ni wọ́n ń tẹ aago mọ́, ìyá arúgbó á wá kọjú sí ewúrẹ́, á ní "ṣìì!" Ọ̀kadà ti ní ipò tirẹ̀ láàárín Márúwá àti kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n fi òfin dè é ní Sùúrùlérè ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2022, wọ́n sì dè é ní Muṣin ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, àlàfo sì ṣí sílẹ̀ níbẹ̀, lórí ìwé ó kéré tán. Ewúrẹ́ nìkan ni kò rí ẹni lé. Ewúrẹ́ náà ló sì máa ń kọ́kọ́ sọdá.

Wàyí o, ohun tí n kò mọ̀ ní gbogbo ogún ọdún tí mo fi wa ọkọ̀ gba ọ̀nà yìí, ọ̀sẹ̀ kan péré ni mo lò lórí kẹ̀kẹ́ tí mo fi mọ̀ ọ́n. Ó di dandan kí n máa kí ènìyàn. Èdè wa ní ìkíni fún ohun gbogbo. Ẹni tó jókòó, ẹ kú ìjókòó. Ẹni tó dúró, ẹ kú ìdúró. Ẹni tó ń ná owó, ẹ kú ìnáwó. Bí oòrùn bá mú, ẹ kú oòrùn. Bí òjò bá rọ̀, ẹ kú òjò. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni a ń kí ẹni tó wà nínú ọkọ̀, tó ti gíláàsì pa, tó tan ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù? Mo ti wá a títí. Fèrè ni wọ́n ń fọn sí i, fèrè kì í sì í ṣe ìkíni.

Ti oníkẹ̀kẹ́ yàtọ̀. Ní ìlú wa, ọmọlúàbí kì í jókòó gẹlẹtẹ sórí kẹ̀kẹ́ kí àgbà. Sísọ̀ ni yóò sọ̀ kalẹ̀. Ṣé kí n wá sọ̀ kalẹ̀ ní Ojúẹlẹ́gba, kí n dọ̀bálẹ̀, nígbà tí dánfó wà lẹ́yìn mi bí ogun? Bàbá arúgbó kan wà tó ń tún bàtà ṣe lábẹ́ afárá níbẹ̀. Láìsọ̀rọ̀, èmi àti bàbá náà ti fẹnu kò: n ó dá ẹsẹ̀ dúró, n ó tẹrí ba, n ó gbé ọwọ́ kan sókè, òun náà á gbé òòlù rẹ̀ sókè díẹ̀, á ní, "Máa rọra o, ọmọ mi." N kò mọ orúkọ rẹ̀, òun náà kò mọ tèmi. Nígbà tí ibà dá mi dúró sílé fún ọjọ́ mẹ́rin, ó bi obìnrin tó ń ta búrẹ́dì léèrè pé ọmọ oníkẹ̀kẹ́ yẹn dà. Ogún ọdún ni mo fi ọkọ̀ kọjá lára bàbá yìí. Ká ní mo kú láàárín ogún ọdún yẹn, ohun tó máa dín lójú rẹ̀ kò ju ọkọ̀ aláwọ̀ eérú kan lọ, bóyá kò sì ní mọ̀ pé ó dín.

Àwọn baba wa ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, mo rò pé ọ̀rọ̀ ìjíròrò nìkan ni wọ́n ń sọ. Ẹ wo àwọn tó kọ́kọ́ kún Sùúrùlérè. Nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé ní àárín gbùngbùn Ìsàlẹ̀ Èkó ní 1955, ibí ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹni tí wọ́n lé kúrò wá. Peter Marris, òyìnbó tó wádìí ọ̀rọ̀ wọn tó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1961, rí i pé owó ọkọ̀ jẹ́ ara ohun tó ń dùn wọ́n. Ilé tuntun dára, yàrá fẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n tí wọ́n máa ń rí ní àràárọ̀ ní agboolé ti di ẹni tí a ń wọ bọ́ọ̀sì lọ rí. Nígbà tí owó bọ́ọ̀sì kò bá sí, a ò rí i. Bí a kò bá rí i pẹ́, a ò mọ̀ pé ebi ń pa á.

Ní ọjọ́ kan ní ẹ̀gbẹ́ Tẹ́júoṣó, jíìpù ńlá kan tí gíláàsì rẹ̀ dúdú bí kóró iṣin fi ẹ̀gbẹ́ gbá àtẹ obìnrin kan tó ń ta ata. Ata fọ́n ká. Jíìpù náà dúró. Gbogbo wa ń wo gíláàsì pé yóò wálẹ̀, kódà bó bá ṣe pé èébú ló fẹ́ gba ibẹ̀ jáde. Ó dúró bíi kí ènìyàn ka ení dé ẹẹ́wàá, gíláàsì kò wálẹ̀, ó sì lọ. A bẹ̀rẹ̀, a ń bá obìnrin náà ṣa ata. Kò sunkún, kò ṣépè. Ohun tó ń tún wí ni pé: "Kò tiẹ̀ bú mi! Ẹ gbà mí, kò tiẹ̀ bú mi!"

Òfin wà láti 1991 tó de gíláàsì dúdú fún ẹni tí kò bá gba ìwé àṣẹ. Nítorí ààbò ìlú ni, ìjọba ń ro ohun tí ènìyàn lè gbé pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Èmi ń ro ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. N kò gbà pé ìkà ni. Mo lè búra pé bí ọkùnrin yẹn bá ń fi ẹsẹ̀ rìn nínú ọjà kan náà, tí apá rẹ̀ kọ lu àtẹ ata, yóò bẹ̀rẹ̀ kíá, yóò ní, "Ẹ má bínú, ìyá mi," yóò sì wá owó nínú àpò. Ẹni kan náà ni. Kí ló wá yí padà? A máa ń sọ pé inú ènìyàn ni ìwà wà, bí ẹran ṣe wà nínú ìkòkò. Láti ìgbà tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́, mo ti ń rò ó pé apá kan ìwà kò sí nínú ẹnikẹ́ni. Àárín ojú méjì ló wà, bí wọ́n bá sì fi gíláàsì sáàárín, á sá lọ.

Mo sọ èyí fún ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́. Ọlọ́gbọ́n ni, kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní, "Dánfó ń kọ́? Ọ̀pọ̀ wọn kò ní gíláàsì rárá. Gbogbo ojú awakọ̀ àti kọ̀ńdọ́kítọ̀ ló wà níta gbangba. Ṣé àwọn ni o fẹ́ pè ní ọmọlúàbí?" Ọ̀rọ̀ náà wúwo, mo gbé e kiri fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Òótọ́ ni pé kò sí ẹni tó ti fi ikú hàn mí tó bí onídánfó. Ṣùgbọ́n mo wá ṣàkíyèsí nǹkan kan. Onídánfó máa ń bá mi sọ̀rọ̀. "Bàbá, ẹ ya sẹ́gbẹ̀ẹ́! Ṣé ẹ fẹ́ kú ni?" "Tíṣà, ẹ ta á, ẹ lọ ra bàtà!" Bí mo bá dá a lóhùn, kọ̀ńdọ́kítọ̀ á rẹ́rìn-ín, èrò ọkọ̀ á dá sí i, ìyá kan lẹ́yìn á ní kí wọ́n fi bàbá onítáì sílẹ̀. Ìjà ni, ṣùgbọ́n ènìyàn ló ń bá ènìyàn jà. Ó mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Obìnrin aláta mọ ohun tó ń sọ: ẹni tó bú ọ ti kà ọ́ mọ́ ènìyàn. Ọ̀rẹ́ mi ní bí dánfó bá pa mí, ó kà mí mọ́ ènìyàn náà nìyẹn. Ẹ ò rí i pé ọlọ́gbọ́n ni?

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le, nítorí pé ohun tí ìyàwó mi náà ń sọ nìyẹn, òun kì í sì í fi ṣẹ̀fẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ló gbé e kalẹ̀ níwájú mi. Ó ní, "Dádì, gbogbo ojú tí ẹ ń rí lójú títì yẹn, bí wọ́n bá gbá yín, ṣé àwọn ni wọ́n máa bá mi san owó ilé-ìwé?" Mo ní ikú kò mọ kẹ̀kẹ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀. Mo rán an létí ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2023, nígbà tí kọ̀ńténà já bọ́ lu bọ́ọ̀sì akérò ní Ojúẹlẹ́gba, tí ènìyàn mẹ́sàn-án kú sínú rẹ̀. Inú ọkọ̀ ni wọ́n wà, kì í ṣe orí kẹ̀kẹ́. Ó wò mí, ó ní, "Bí irin bọ́ọ̀sì kò bá gbà wọ́n, kí ni táì yín fẹ́ ṣe?"

N kò rí èsì fún un, n kò sì tíì rí i di òní. Mo lè sọ pé àìmọye ènìyàn ló ń fi ẹsẹ̀ gba ojú títì kan náà láràárọ̀ nítorí pé wọn kò ní ohun mìíràn, àti pé bí gbogbo ẹni tó lágbára láti ní gíláàsì bá wọ ẹ̀yìn gíláàsì, kò ní pẹ́ tí ojú títì á fi di ti àwọn tí kò rí aláta. Mo gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo gbà gbọ́ ni mo fẹ́ fi ara mi san owó rẹ̀ yẹn, bí ó bá sì wọ́n jù, ìyàwó àti ọmọ ni yóò san ìyókù. Ṣé ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti fi oúnjẹ ẹlòmíràn ra ìwà rere fún ara rẹ̀? Ẹ̀yin òǹkàwé, kì í ṣe ẹnu lásán ni mo fi ń béèrè.

A ti ṣe àdéhùn díẹ̀. N kì í gùn ún bí òjò bá rọ̀. N kì í gùn ún bí agogo méje alẹ́ bá ti lù. N kì í gba Funsho Williams, níbi tí ọkọ̀ ti ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó ra iná pupa kan tó ń ṣẹ́jú, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ó mọ́ ẹ̀yìn káríà, ó fà á wò lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ló tún mú àbá mìíràn wá. Ó ní ọkọ̀ ojú irin Red Line ti ń kó èrò láti oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ń dúró ní Muṣin, ó ń dúró ní Yábà, ó sì ní fèrèsé tí ènìyàn lè máa rí ojú gbogbo ayé láti inú rẹ̀. Mo ní àbá náà dára, ṣùgbọ́n Láwánsọ̀n ni a ń gbé, reluwé kò gba ibẹ̀. Kí n tó lè wọ̀ ọ́, n ó kọ́kọ́ fi kẹ̀kẹ́ dé Muṣin.

Ó ní, "Kẹ̀kẹ́ wo?"

Mo ní èyí tó bá wù ú.